Oúnjẹ oko wà nídìí òkìtì èèpo kòkó: bí ẹ ṣe máa dá a padà sábẹ́ igi

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó lóko yín, ní Ìdànrè o, ní Ọ̀wẹnà o, ní Ilé-Olújì o, kí ẹ wo koríko tó yí òkìtì èèpo àtijọ́ ká. Ó máa ń ga, ó máa ń dúdú minimini, ewé rẹ̀ á sì fẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wọ abẹ́ igi kòkó lọ, kí ẹ wo àwọn ewé tó ti dàgbà níbẹ̀. Tí etí wọn bá ń gbẹ bíi pé iná rà á, ohun tí igi yẹn ń wá ló wà lábẹ́ òkìtì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

Oko kan náà ni. Gbogbo igi inú rẹ̀ ló fa oúnjẹ láti inú ilẹ̀ sínú èso. Ẹ̀yin wá ká èso, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, ẹ mú kóró, ẹ fi èèpo sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ odidi hẹ́kítà kan ṣe ń wọ́ jọ láti ọdún dé ọdún sórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ.

Èyí tó ń wọ́ jọ yìí kì í ṣe kékeré. Tọ́ọ̀nù 1 kóró kòkó gbígbẹ, ìyẹn àpò 16, máa ń kó mẹ́ta nínú oúnjẹ tí igi ń fà láti inú ilẹ̀ jáde lóko: nǹkan bíi kílò 20 náítírójìn, kílò 4 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti kílò 10 pòtásíọ̀mù. Tí èèpo náà bá tún kúrò lábẹ́ igi, pòtásíọ̀mù tó jáde á ju ìlọ́po 5 lọ. Fún àpò 16 yẹn, èèpo tútù tó kù nílẹ̀ á tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10. Owó ni èyí tó dúró sójú kan. Àmọ́ ohun tó kó jọ kò tíì di ohun ìlò. Iṣẹ́ sísọ èèpo di ajílẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì, òun la fẹ́ ṣàlàyé.

Èyí tó ń sá àti èyí tó há

Kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ inú èèpo kò rí bákan náà. Pòtásíọ̀mù, èyí tí àìtó rẹ̀ ń mú kí etí ewé máa gbẹ, kò so mọ́ ara èèpo, inú omi ara rẹ̀ ló wà. Bí èèpo bá ti ń rọ̀, tí òjò sì ń pa á, ó bá omi lọ. Omi dúdú tó máa ń ṣàn jáde lábẹ́ òkìtì lẹ́yìn òjò, tó dà bí àgbo, pòtásíọ̀mù yín ló ń lọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí òkìtì tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ òjò fún ọdún kan, tí wọ́n wá kó sóko lẹ́yìn náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe igi láǹfààní mọ́.

Náítírójìn ní tiẹ̀ há sínú ara èèpo. Àwọn alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí ló gbọ́dọ̀ jẹ èèpo náà kí wọ́n tó lè tú u sílẹ̀, èèpo kòkó nìkan kò sì tó wọn jẹ: líle rẹ̀ pọ̀, náítírójìn rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá kó èèpo tútù, ẹ rì í mọ́ ìdí ọmọ kòkó, àwọn alààyè yìí á fa náítírójìn tó wà nínú ilẹ̀ láti fi jẹ ẹ́, ewé ọmọ kòkó á wá di rúsúrúsú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé àrùn ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn. Ebi ló ń pa á.

Nítorí náà ohun méjì la ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: a ó bo èèpo kí òjò má baà fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ, a ó sì fi ohun tó ní náítírójìn kún un kí àwọn tó ń jẹ ẹ́ lè tètè ṣiṣẹ́.

Ibi tí ẹ máa kó o jọ sí

Ẹ wá ibi pẹrẹsẹ tí omi kì í dá sí, lábẹ́ ibòji, létí oko. Kí ó jìnnà sí odò tàbí kànga tó ìṣísẹ̀ 40 ó kéré tán. Ẹ má ṣe é láàárín igi kòkó. Èso tí àrùn ti sọ dúdú ń gbé àrùn náà sára èèpo rẹ̀. Èyí tó le jù lápá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní Phytophthora megakarya, bí òjò bá sì ti ń ta omi àti erùpẹ̀ sókè lára èèpo tó wà nílẹ̀, ó ń ta àrùn náà sára èso tó so nísàlẹ̀ igi. Èèpo tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ igi láìbò ń dá oúnjẹ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dá àrùn padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ igi o. Àwọn kòkòrò fífò kéékèèké tó ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti ìtànná kan dé èkejì, inú ohun tútù tó ń jẹrà ni wọ́n ti ń pamọ. Bí ẹ bá gbá ilẹ̀ oko mọ́ féfé, ìtànná á pọ̀, èso á wọ́n. Ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti bẹ́ orí rẹ̀ sí gígùn ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri abẹ́ igi. Ìyẹn tó wọn, kò sì ní àrùn kòkó lára.

Ìwọ̀n òkìtì kan

Òkìtì tí ẹni méjì lè kó tán láàárín ọ̀sán kan, tó sì tóbi tó láti gbóná, kí ó fẹ̀ tó mítà 1.5, kí ó gùn tó mítà 2, kí ó sì ga tó mítà 1.3. Èyí tí kò tó mítà 1 ní gbogbo ọ̀nà kì í gbóná, afẹ́fẹ́ á gbé ooru rẹ̀ lọ. Èyí tó ga ju mítà 1.5 lọ á tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní lè wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Fún un ẹ nílò bárò 30 èèpo kòkó, ìyẹn èèpo tó jáde lára bí àpò kòkó kan àbọ̀. Bárò 10 ìgbẹ́ adìẹ. Àti bárò 10 ewé tútù. Ewé Akíntọ́lá tó kún etí oko gbogbo dára púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ewé àgúnmánìyẹ̀, kí ẹ ṣáà gé e kó tó so èso. Ìgbẹ́ adìẹ kò wọ́n ní Àkúrẹ́ àti àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo irú èyí tí ẹ ń rà. Ti adìẹ inú kéèjì jẹ́ ìgbẹ́ gidi. Ti adìẹ orí ilẹ̀ máa ń ní ìyẹ̀ pákó nínú, nígbà mìíràn ìyẹ̀ pákó á ju ìgbẹ́ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo bárò 15 dípò 10, nítorí ìyẹ̀ pákó náà ń wá náítírójìn tí yóò jẹ.

Ẹ fi àdá gé èèpo kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà láàárín ọjọ́ 3 tí ẹ fọ́ kòkó, kó tó gbẹ le bí pákó. Èèpo tí a kò gé máa ń dorí kodò bí igbá, omi á dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé sí i, àárín rẹ̀ á sì máa rùn.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ẹ fi igi wẹ́wẹ́ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Ẹ gún ọparun méjì sí àárín lóòró. Ẹ tẹ́ èèpo tó ga tó ìdajì ìgbọ̀nwọ́, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ lé e tó ìka mẹ́rin, ẹ da ewé tútù lé e tó ìka mẹ́rin. Lórí ìpele kọ̀ọ̀kan ẹ wọ́n ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan ilẹ̀ dúdú tí ẹ gbẹ́ lábẹ́ ewé jíjẹrà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn alààyè tó máa ṣiṣẹ́ náà wà. Ẹ máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ga tó. Ìpele tó kẹ́yìn lókè, kó jẹ́ ewé.

Ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Èèpo kòkó tútù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ nìkan ló ń wá omi, òun ni kí ẹ wọ́n omi sí, kì í ṣe gbogbo òkìtì. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín, ẹ fún un dáadáa. Bí omi bá kán tó ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, ó tó. Bí ó bá ń ṣàn sílẹ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bí ọwọ́ yín kò bá tiẹ̀ tutù, ẹ wọ́n omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan sí i, kí ẹ sì tún fún un wò.

Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí ẹ fi tapólì bo orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan yíká. Bí ẹ bá dì í pa bí ẹni di mọ́ínmọ́ín, á kú. Ní ọjọ́ kẹta ẹ fa ọparun yọ kí ihò rẹ̀ lè máa gba afẹ́fẹ́ wọlé.

Ooru ni ẹ̀rí

Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 ó gbọ́dọ̀ gbóná. Ẹ fi irin gígùn tàbí àdá gún un dé àárín, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fà á yọ. Bí ó bá gbóná débi pé ẹ kò lè dì í mú pẹ́, ooru àárín rẹ̀ ti wà láàárín 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yìí ló ń pa àrùn èso dúdú àti irúgbìn koríko. Etí òkìtì kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àárín ni kí ẹ kó àwọn èèpo tó ní àrùn sí. Nígbà yíyí, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wọ àárín, kí ti àárín bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yíyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, eré lásán ni.

Ẹ yí i ní ọjọ́ 14, ọjọ́ 28 àti ọjọ́ 42. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, èéfín á rú jáde. Ẹ máa rí ohun funfun bí eérú lára èèpo. Kì í ṣe àrùn, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ni. Èèpo tó jẹ́ pupa tàbí rúsúrúsú ti di àwọ̀ taba, ó ṣì ní ìrísí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, á fọ́. Lẹ́yìn yíyí, kó tún gbóná padà láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 42, ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi, pẹ̀lú tapólì lórí. Láàárín oṣù 3 sí 4 ó ti jinná.

Bí kò bá gbóná rárá, ó ṣeé ṣe kó gbẹ, kó kéré, tàbí kí ìgbẹ́ adìẹ kò tó. Ẹ fún un wò kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin jíjẹrà, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé. Ẹ tú u ká fún ọjọ́ kan, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé gbígbẹ tún un tò. Bí ó bá ń tani nímú tó sì ń mú omi jáde lójú, náítírójìn ló ń fò lọ yẹn. Ìgbẹ́ adìẹ ti pọ̀ jù, ẹ fi èèpo kún un. Ohun mìíràn tó ń fà á ni eérú. Ẹ má ṣe da eérú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tútù láéláé, á lé náítírójìn jáde. Ẹni tó fẹ́ sun èèpo fún ọṣẹ dúdú, kó sun tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó tọ́jú eérú rẹ̀ síbi gbígbẹ. Pòtásíọ̀mù wà nínú eérú, náítírójìn ti bá èéfín lọ.

Kí ẹ mọ̀ bóyá ó jinná, ẹ di ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ọ̀rá, ẹ so ó pa fún ọjọ́ 3. Bí ẹ bá tú u, kó máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn náà ẹ gbin horo àgbàdo 10 sínú rẹ̀. Bí kò bá hù tó 8 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Pípín in fún igi

Òkìtì yẹn á wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Nǹkan bí àpò kílò 50 mẹ́fà tàbí méje ló máa kù. Bí ẹ bá ń rí àpò kòkó 8 lọ́dún lórí hẹ́kítà kan, ẹ ó rí òkìtì 5, ìyẹn àpò ajílẹ̀ 30 sí 35. Igi kan ń fẹ́ kílò 5, ó kéré tán. Àpò kan á tó igi 10. Oko tí a gbìn ní mítà 3 sí mítà 3 ní igi 1,111 lórí hẹ́kítà kan, nítorí náà ó máa gbà yín ọdún 3 sí 4 kí ẹ tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹ má fọ́n ọn sí gbogbo igi lẹ́ẹ̀kan, torí èyí tó máa kan igi kọ̀ọ̀kan kò ní tó o. Ẹ pín oko sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí etí ewé ti ń gbẹ jù.

Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ni kí ẹ fi sí i. Ẹ gbá ewé jíjẹrà ìdí igi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ́ ajílẹ̀ yíká láti ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan sí ìdí igi títí dé méjì, kí ẹ sì gbá ewé padà bò ó. Kò gbọ́dọ̀ kan ara igi. Ẹ má fi ọkọ́ kọ ọ́ mọ́lẹ̀: gbòǹgbò tó ń jẹun fún kòkó, òkè ilẹ̀ ló wà, ẹ ó gé e. Fún ọmọ kòkó nínú ọ̀rá, ẹ sẹ́ ajílẹ̀, kí ẹ da ìwọ̀n kan rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ tirẹ̀ ń wá gan-an lè béèrè ní ẹ̀ka ilé ìwádìí kòkó CRIN tó wà ní Ọ̀wẹnà.

Nígbà tí ó bá di ti ẹgbẹ́

Ẹnì kan lè tò ó, ṣùgbọ́n yíyí ni ń sú ènìyàn. Ẹni mẹ́fà tó ń ṣe àáró á yí òkìtì kan láàárín wákàtí kan. Ohun tó sì ń tú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká, ọjọ́ pípín ni. Olóko ńlá á ní èèpo òun ló pọ̀ jù, ẹni tí oko rẹ̀ kéré á ní òun lòun yí i. Àwọn méjèèjì ló jàre, nítorí náà ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bárò èèpo kan, àmì kan. Ọjọ́ iṣẹ́ kan, àmì 5. Bí àmì gbogbo ẹgbẹ́ bá jẹ́ 240, tí àpò tó jáde sì jẹ́ 36, ẹni tó ní àmì 40 á gba àpò 6. Ẹ ka ìwé náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ yíyí kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró di ọjọ́ pípín.

Owó ẹgbẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀: ó ń kó jọ lásìkò kan, a sì ń wá a lásìkò mìíràn. Owó kòkó ń wọlé láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, oṣù kẹrin sí ìkẹfà la sì ń wá a fún ìroko, oògùn àti ọmọ kòkó. Alájọ á dá owó yín padà fún yín, ó yọ ti ọjọ́ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èésú máa ń kó owó gbogbo ẹgbẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́, àmọ́ bí ìgbà tirẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, ohun tó fẹ́ fi ṣe ti kọjá. Ẹ má fi ìbò to ìgbà kíkó. Ẹ bi olúkúlùkù ohun tó fẹ́ rà àti oṣù tó fẹ́ rà á, kí ẹ fi ìyẹn tò ó. Bí ẹ bá ń yá ara yín lówó nínú àpótí, kí gbogbo rẹ̀ ti padà wọlé kí oṣù kẹta tó parí. Kí àpótí ní àgádágodo mẹ́ta, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí àpótí fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni kẹrin.

Nígbàkígbà, kí òkìtì mẹ́ta wà nílẹ̀: èyí tí ẹ ń kó jọ, èyí tó ń jẹrà, èyí tí ẹ ń kó lọ sábẹ́ igi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì pín èyí tó jinná, ẹ ṣẹ́ bárò 2 kù nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà. Òun ni ẹ máa wọ́n sáàárín ìpele òkìtì tuntun dípò ilẹ̀ dúdú, á sì tètè gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ.